Àsèjẹ Màmá Ògúntádé

Ewúrẹ́ kọ́ ló jẹ ewé náà. Ọláníkẹ́ ti mọ ìyẹn kó tó sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìfọṣọ kalẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ewúrẹ́ a máa fà á ya ni, a sì máa tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹni tó ṣe èyí fi èékánná àtàǹpàkò gé ewé ní oríkèé, ó já a láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó sì fi igi sílẹ̀ kó lè tún rú. Àgbàlagbà tí wọ́n tọ́ ní oko ló ń já ewé báyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú gbogbo ilé náà tó mọ̀ ọ́n já bẹ́ẹ̀.

Àwọn ike ọ̀dà tí Ọláníkẹ́ fi gbin nǹkan tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: ewúro, efinrin, tẹ̀tẹ̀. Àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn táńkì omi, ni kì í fẹ́ kí ojú ẹlòmíì máa lọ bá. Ọ̀kan nínú wọn ló ti di igi lásán yìí.

Igbó ni. Ká má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ewé kan náà tí àwọn ọmọ ìta ń fà ní Pápá Àjàó lọ́sàn-án gangan, tí èéfín rẹ̀ ń gba fèrèsé wọlé bá aláboyún, tí ọlọ́pàá ń kí wọn kọjá, tí àwọn náà sì ń kí ọlọ́pàá padà. Ti Ọláníkẹ́ kò ní èéfín. Ọkọ rẹ̀, Àkàngbé, ń na irin ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ títí ọkọ̀ kan fi yẹ̀ lórí jáàkì, tó já lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ lọ, ìrora kò bá a lọ. Ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́ ló ń ta á, ìka tí wọ́n ti gé dànù ló ń jó o. Oògùn tó ń mú un sùn, wọ́n ní ìjọba ò fẹ́ kí wọ́n máa tà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń tà fún un, owó ló ń jẹ, kì í jẹ ìrora. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fún wọn ní kóró ewé náà. Ọláníkẹ́ ń sá a lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń gún un, ó ń rẹ ẹ́ sínú adí àgbọn. Ṣíbí kékeré kan nírọ̀lẹ́, ọkọ á sùn, ìyàwó náà á sùn. Wọn ò fi ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n òfin kò béèrè ohun tí èèyàn fi ń ṣe. Ẹni tó bá gbìn ín, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ni, ì báà jẹ́ igi kan, ì báà jẹ́ ogún. Ìjọba tó ń wá ẹni tó gbin ewé kò tíì wá béèrè ẹni tí ọkọ̀ já lé lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ilé bi í pé ewé kí nìyẹn, ó ní ewé egungun ni, ti ẹsẹ̀ Bàbá Yínká. Ó rò pé òun ti fi ìyẹn bò ó. Kò rántí pé ilé alájùmọ̀gbé ni wọ́n ń gbé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi ewé du ọmọnìkejì. Ẹni tí inú bá ń run á já efinrin Ọláníkẹ́. Ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ á ya ewúro. "Mo mú díẹ̀ o," ni wọ́n máa ń wí, bí wọ́n bá rántí. Orúkọ tó fi bo ewé náà gan-an ló lọ pe ẹni tí egungun ń dùn wá síbẹ̀.

Ẹni tí egungun ń dùn ni Màmá Ògúntádé, ìyá arúgbó tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwọn. Orúnkún rẹ̀ ti wú tó fi jẹ́ pé ògiri ló fi ń rìn dé balùwẹ̀.

Ọláníkẹ́ ń rò bí yóò ṣe lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni Shakirat jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé tí kò tíì pẹ́ ládùúgbò ni Shakirat, kì í sọ̀rọ̀ kọjá kí a kí i kó dáhùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo Màmá. Mo gbé àkàmù fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣe, wọ́n mu díẹ̀. Mo ní kí n wá gba abọ́, wọn ò dá mi lóhùn dáadáa."

Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri. Ọláníkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rí i pé iṣan rẹ̀ ń sáré lábẹ́ awọ.

"Àwọn màlúù yẹn," Màmá wí, "ẹ ní kí wọ́n rọra."

Kò sí màlúù kankan. Lẹ́yìn náà orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Joshua ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá náà, tó ń ta iná ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, sáré dé láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ létí. Ó pe ìyá rẹ̀ títí, kò dáhùn. Ó wá yíjú sí Shakirat.

"Kí lo fún un?"

"Àkàmù ni, Bọ̀dá. Èyí tí mo ń fún wọn lójoojúmọ́."

"Kí lo fi sí i?"

Shakirat wo inú abọ́ bí ẹni tó fẹ́ rí nǹkan níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ibẹ̀ ló yẹ kí Ọláníkẹ́ ti sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Joshua ti pọn ìyá rẹ̀, ó ti ń sáré lọ síta wá kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí yóò gbé wọn dé ọsíbítù, ó sì ń wí bó ti ń lọ pé bí ohunkóhun bá ṣe ìyá òun, gbogbo ilé ni yóò gbọ́.

Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá, Ọláníkẹ́ wọ ibi tí Màmá ti ń dáná. Ìṣaasùn kékeré kan wà lórí sítóòfù, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé. Ó gbé e sí imú. Epo pupa, irú, ẹja àrọ̀, àti òórùn kejì tí kò ṣàjèjì sí i. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Àsèjẹ ni Màmá fi ṣe. Ẹni tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n bí i, àsèjẹ ló mọ̀ ní oògùn egungun. Àsèjẹ kì í sì í ṣe ọbẹ̀ tí èèyàn ń jẹ kù. Ẹni tó bá sè é fún ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọdọ̀ bù fún ẹlòmíì, bó bá sì tán, á fọ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó yìí ṣe jẹ ewé odidi igi kan, epo tì í lẹ́yìn, tó sì fọ ẹ̀rí rẹ̀ nù bó ṣe yẹ kí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe.

Àkàngbé ń kọ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sí abíyá nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, tó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá ti jẹ ẹ́," ni Ọláníkẹ́ wí.

"Wọ́n jẹ kí ni?"

"Wọ́n já ike kan tán, wọ́n fi se àsèjẹ."

Àkàngbé tún jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n á sùn," ó wí. "Wọ́n á jí."

"Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ géńdé, ṣíbí kan ni mò ń fún yín. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọkàn wọn ń sáré lọ́wọ́ mi báyìí bí ẹni tí wọ́n ń lé."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ sọ fún dókítà. Wọn ò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n lè fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí kò yẹ."

"Tó o bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ ẹ. Wọ́n á ní ta ló gbìn ín."

"Èmi ni mo gbìn ín."

"Nítorí ta?"

Ọláníkẹ́ fara ti ilẹ̀kùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ òní tó mọ́, kí ewé tó hù pàápàá. Àkàngbé fi ọwọ́ pa kùkùté itan rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́kún, ó sì wí ní ohùn tó rẹlẹ̀ pé, "Ìwọ ni wọ́n máa mú, Ọláníkẹ́. Èmi ò lè dá omi ìwẹ̀ gbé."

Ọláníkẹ́ pe Yínká lórí fóònù, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé Yaba, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mọ́mì, ẹ má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni," Yínká wí. "Nǹkan yẹn ò tiẹ̀ tó nǹkan. Ní Kánádà, àwọn èèyàn ń gbìn ín sínú ilé wọn, ìjọba fọwọ́ sí i. Oògùn ni. Àwa nìkan la ṣì ń fi í gbé èèyàn."

"Ṣé Kánádà ni mò ń gbé, Yínká?"

"Mo kàn ń sọ pé ẹ ò ṣe nǹkan tó burú ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó burú. Mo bi ọ́ ohun tí màá ṣe."

Yínká ní òun wà lẹ́nu ìpàdé kan, òun máa pè padà.

Ẹ̀rọ ata Ọláníkẹ́ wà níwájú ilé lábẹ́ páànù, àwọn obìnrin sì ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tòmátì àti tàtàṣé. Ó tan ẹ̀rọ nítorí pé ẹni tí kò bá ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú ilé, òun ni wọn yóò máa wò. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ké náà ni wọ́n ń pariwo lé e.

"Wọ́n ní àkàmù ni."

"Ọmọbìnrin yẹn dákẹ́ jù. Ẹni tó bá dákẹ́ tó báyẹn, ẹ ò mọ ohun tó ń rò."

"Ṣebí òun àti Màmá sọ̀rọ̀ sí ara wọn lórí aṣọ sísá."

"Joshua ti gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, mo rí i."

Ọláníkẹ́ ń ti ata sísàlẹ̀ pẹ̀lú igi, kò gbójú sókè. Ìyá Quadri, tó ń ta bébà àti bírò ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, bu omi sí ata rẹ̀, ó ní, "Ayé ti bàjẹ́, oríṣiríṣi ni wọ́n ń fún èèyàn jẹ báyìí. Igbó tí wọ́n fún Quadri mi fà, ẹ ti gbàgbé? Ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Wo ibi tó wà báyìí, ó ń bá igi sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá mọ ilé tí wọ́n ti gbin èyí tó kọ́kọ́ fà, màá fi iná sí i, màá sì dúró wò ó."

Gbogbo wọn mọ Quadri. Ọláníkẹ́ bu ata náà sínú abọ́ fún un, ó nu etí abọ́ mọ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, kò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Quadri bi í pé kí ló dé. Ó ní kí ó máa lọ. Ó fẹ́ sọ fún un pé tòun yàtọ̀, pé inú òróró ni tòun wà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ìyá Quadri.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí Joshua padà dé. Ó wá kó owó. Dókítà ní ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, ó sì lè jẹ́ ohun tó jẹ. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán ọpọlọ, owó àwòrán yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá sí àwòrán, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa fún un, kí wọ́n ṣáà máa bẹ Ọlọ́run. Shakirat jáde sí i. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tòun ti ọmọ lẹ́yìn, ó bu àkàmù tó kù nínú ìkòkò rẹ̀, ó sì mu ún níṣojú gbogbo èèyàn. Àkàmù náà ń dà sí i láyà.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá. Ẹ wò ó, mo mu ún."

"Bí ìyá mi bá kú, ìwọ lo pa á," Joshua wí. "Àwọn ọlọ́pàá ń bọ̀. Wọ́n á bá ọ níbí."

Àwọn obìnrin wo Shakirat. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọláníkẹ́ tẹ ẹ̀rọ pa. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ata rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ ní, "Kò tíì kúná o, Ìyá Yínká."

"Joshua," ni Ọláníkẹ́ wí, "mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo mọ ohun tí Màmá jẹ."

Nínú kẹ̀kẹ́, Joshua bi í léraléra, kò sọ. Ó ti pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ni òun máa sọ ọ́, ibi tó bá sì ti wúlò ni.

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì Màmá jẹ́ obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú àwo níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wọn," ni Ọláníkẹ́ wí. "Igbó ni wọ́n jẹ. Wọ́n sè é bí àsèjẹ. Wọ́n rò pé ewé egungun ni."

Nọ́ọ̀sì gbé àwo náà kúrò. "Ó ti tó ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ kùtù."

"Ta ló fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó fún wọn. Wọ́n já a fúnra wọn ni. Nínú ike mi. Èmi ni mo gbìn ín."

Ó gbọ́ bí èémí ṣe jáde ní imú Joshua lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ojú Ọláníkẹ́ dáadáa, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó fa kọ́tìnì sí i. "Ohun tí wọ́n jẹ ni màá sọ fún dókítà," ó wí pẹ̀lú ohùn tó rẹ̀. "Ibi tí wọ́n ti rí i, mi ò bi yín, ẹ̀yin náà ẹ ò sì sọ fún mi. Ẹ jókòó síta."

Wọn ò ya àwòrán mọ́. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀, wọ́n ní yóò rọlẹ̀. Joshua jókòó sí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú Ọláníkẹ́, ó fi àyè tí èèyàn méjì lè jókòó sí sílẹ̀ láàárín.

"Ẹ dúró tì mí láàárọ̀, Ìyá Yínká, ẹ ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí n bú ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba Shakirat náà."

Ọláníkẹ́ ní kó má bínú. Joshua ní òun ò tíì mọ̀ bóyá òun máa bínú tàbí òun ò ní bínú. Òun máa lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé oúnjẹ kan ni kò bá ìyá òun lára mu. "Ṣùgbọ́n kí n tó gbé Màmá délé, kí nǹkan yẹn ti kúrò níbẹ̀, títí kan gbòǹgbò. Bí mo bá dé tí mo bá ewé kan níbẹ̀, èmi fúnra mi ni màá mú wọn wá. Ẹ má rò pé mò ń ṣeré."

"Mo mọ̀ pé o ò ṣeré."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọláníkẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé nínú oòrùn, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú òun.

Kò lè sun ewé náà, òórùn rẹ̀ yóò pe gbogbo àdúgbò jọ. Ó fa àwọn igi náà tu, ó gé wọn wẹ́wẹ́, ó ṣí ìdérí ṣalángá ẹ̀yìnkùlé, ó dà wọ́n sí i. Oje èyí tí Màmá já kò tíì gbẹ ní oríkèé. Ó da òun náà sí i. Àkàngbé fi ọ̀pá rìn jáde wá, ó jókòó sórí ike tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń wò ó. Kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó rí i pé Ọláníkẹ́ fẹ́ dé ṣalángá, ó ní kó dúró. Ó ti inú àpò rẹ̀ yọ ìgò adí àgbọn náà, ó dà á sílẹ̀ sínú ihò títí tó fi tán. Lẹ́yìn náà ó fi ìka nu ẹnu ìgò, ó sì lá a.

Ọláníkẹ́ yíjú kúrò kó má bàa mọ̀ pé òun rí i.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà Shakirat. Shakirat ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì. Ọláníkẹ́ kí i, ó tún kí i. Ó ní, "Shakirat, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Ọmọbìnrin tó máa ń dáhùn bí a bá kí i náà ká aṣọ mìíràn, ó tẹ́ ẹ, ó tún un ká. Nígbà tó yá, Ọláníkẹ́ gba ibi tó gbà wọlé jáde.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kẹ̀kẹ́ dúró níwájú ilé. Àwọn obìnrin tó kù nídìí ẹ̀rọ dìde. Joshua sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, Màmá gbá ọwọ́ náà nù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀, ó gbé ìkejì. Ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, kò di ògiri mú. Wọ́n ń kí i kú ewu, ó ń dáhùn pé ewu kí ni, oorun lásán ni òun sùn. Ó dúró níwájú Ọláníkẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Ìyá Yínká, ewé yẹn," ó wí. "Wọ́n ní mo sọ̀rọ̀ màlúù. Ó ṣeé ṣe. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé orúnkún yìí dákẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń pariwo sí mi létí, òní ló dákẹ́. Èyí tó kù ńkọ́? Díẹ̀ ni màá mú lọ́tẹ̀ yìí."

Joshua wo ilẹ̀.

"Ó ti tán, Màmá," ni Ọláníkẹ́ wí.

"Báwo ló ṣe máa tán? Mo rí i lẹ́yìn táńkì, ó pọ̀ níbẹ̀."

"Ó ti kú. Gbogbo ẹ̀ ti kú."

Ìgbà náà ni Àkàngbé bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá. Àkókò ṣíbí rẹ̀ ti tó, ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ sì mọ àkókò. Kò pariwo. Ìkérora kékeré ni, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́, wọ́n sì gbọ́ ọ. Màmá dẹ etí sí i, ó wo ilẹ̀kùn yàrá náà, ó wo Ọláníkẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gidi.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ọ́ sí ahun," ó wí. "Ewé lásán. O fi ń dù mí, o sì tún fi ń du ọkọ rẹ."